Òfo Láàrin Àmì Méjì

Ní Bolungarvík, níbi tí òkè ti ń fi èjìká ti òkun,
Ásthildur jókòó ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì èbúté,
kọfí rẹ̀ ti tutù,
ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ń gbẹ lórí ẹ̀rọ amúlégbóná.
Wọ́n fẹ́ gbẹ́ òkúta fún àwọn tí omi kò dá padà.
Orúkọ mọ́kànlélógójì.
Agbẹ́kùúta ní ìlà kan ṣoṣo fún ẹnì kan,
lẹ́tà lẹ́tà ni òun sì ń gba owó.

Òpó kìíní, orúkọ. Òpó kejì, orúkọ bàbá.
Òpó kẹta, ọkọ̀ tó gbé e lọ. Òpó kẹrin, ọdún.
Ó tẹ àmì ìdọ́gba, ó pe A2,
ó fi àmì kan sí i tó lọ́ bí okùn ìdákọ̀ró,
ó pe B2, ó ní kó so "son" mọ́ ọn nídìí.
Ó tẹ bọ́tìnnì.

ÞorgilsBárðurson.

Ó rẹ́rìn-ín. Ta nìyí?
Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ènìyàn àti bàbá rẹ̀
nílò atẹ́gùn díẹ̀ láàrin ara wọn.
Ohun tí o kò bá kọ fún un, kò sí níbẹ̀,
òfo pàápàá, àfi kí o kọ ọ́.
Ó ṣí àmì àyọlò, ó tẹ bọ́tìnnì gbọọrọ nì lẹ́ẹ̀kan, ó pa á dé:
" "
Kì í ṣe nǹkan kan, ó sì gba ààyè.

Þorgils Bárðurson.
Ó kù síbì kan. Lédè tiwọn,
orúkọ bàbá kì í dé ẹnu ọmọ kí ìrù rẹ̀ má yí:
Bárður nínú ilé, Bárðar lára ọmọ.
Àwa náà mọ irú rẹ̀. Kí "rà" pàdé "ìwé",
"ràwé" ni etí ń gbọ́; ẹnìkan ti gbé ẹnìkan mì.
Fọ́múlà kò gbọ́ irú èyí rí.
Ásthildur ṣí òpó tuntun, ó fọwọ́ kọ wọ́n,
ó ń pè wọ́n sókè nínú ọ́fíìsì tí kò sí ẹlòmíràn:
Bárðar. Ketils. Steinþórs,
èyí tí í ṣe orúkọ bàbá tirẹ̀ náà.

Ó wá di igun yàrá náà mú, ó fà á sísàlẹ̀,
wọ́n sì ń tò wá, pẹ̀lú kọ́má, pẹ̀lú ọkọ̀, pẹ̀lú ọdún:
Þorgils Bárðarson, Vonin, 1924.
Eyvindur Ketilsson, Vonin, 1924.
Ọkọ̀ kan náà, òru kan náà.
Títí dé ìlà kọkàndínlọ́gbọ̀n.

Ísleifur son, Vonin, 1924.

Ọmọ. Ọmọ ta?
Ẹ̀rọ kò bèèrè. Ó rí yàrá òfìfo, ó so ọmọ mọ́ ọn.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun ló ń se oúnjẹ inú ọkọ̀.
Nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun,
gbogbo ìlú sì mọ ẹni tí funfun náà ń jẹ́,
ọkùnrin tó ni ọkọ̀, tó ni ilé ìyọ̀, tó ni àga iwájú.
Jóreiður ló ń fi iyọ̀ sẹ́ja nílé ìyọ̀ yẹn.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró létí omi.

Fọ́múlà wà tí í sọ pé: bó bá ṣófo, fò ó.
Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́ ọ.
Ásthildur gbé ìka lé e, ó gbé e kúrò.
Nínú òpó bàbá, ó kọ Jóreiðar.
Kí ó tó mú ọwọ́ kúrò, ìlà ti tún ara rẹ̀ ṣe:

Ísleifur Jóreiðarson, Vonin, 1924.

Agbẹ́kùúta pè ní ìrọ̀lẹ́.
Ṣé kí òun gbẹ́ kọ́má? Bẹ́ẹ̀ ni.
Òfo ńkọ́, èyí tó wà láàrin orúkọ?
Ó ń fi í ṣàwàdà: òfo, ọ̀fẹ́ ni.
Ásthildur wo ìlà kọkàndínlọ́gbọ̀n,
kò sì sọ fún un iye tí wọ́n ti san.