Ọjọ́ tí Òkun Ṣófo

Ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ wọ òkun lónìí.
Àná ni ọlọ́pàá ti fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde rẹ̀
kiri etí adágún Pazhaverkadu:
láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀,
ẹ jẹ́ kí ẹja sinmi, kí ẹ̀yin náà sinmi.
Ta ni yóò sanwó ìsinmi? Alùpùpù rẹ̀ ti lọ.

Desappan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe.
Mo sá edé sórí ẹní, mò ń lé kannakánná.

Iná la kọ́kọ́ rí ní erékùṣù òdìkejì.
Ìró ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, bí àgbà tó ń fọ̀pá rìn.
Nígbà tó dé,
ìdérí ìkòkò jó lórí ààrò,
àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn gbéra nínú adágún lẹ́ẹ̀kan náà,
bí ẹni da osùn sójú ọ̀run.
Lẹ́yìn náà, èéfín kan ṣoṣo, tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ìyá, kò fò o," ni Malarkodi wí, wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé.
"Ó ń ṣubú ni.
Ó ń ṣubú, ilẹ̀ ń yẹ̀ fún un,
ó ń ṣubú, ilẹ̀ tún ń yẹ̀."
Ó ní aago ló wà níkùn rẹ̀,
aago tí kì í fi ìṣẹ́jú kan parọ́;
àkókò tí ohùn rẹ̀ fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa
la ó fi mọ ibi tí a wà.
Ó fi ìka fa ọ̀nà rẹ̀ sínú iyanrìn:
ó gun àríwá, ó sọ̀ sí gúúsù,
ó dábùú ara rẹ̀ láàárín
bí okùn tí a lọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Desappan gbójú sókè: "Ojú àwọ̀n nìyẹn."
Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀.

Èmi ò sọ nǹkan kan.
Ọdún kẹrìnlá rèé tí Kanniappan àbúrò mi
tẹ̀lé ìràwọ̀ lọ sókun, tí kùrukùru bo ìràwọ̀.
Ọkọ̀ padà.
Níbo lo wà? Níbo lo wà? Mo bi omi títí.
Kò sí aago kankan lókè nígbà náà
tí ì bá dá mi lóhùn.

Ìwọ tó ń ṣubú tí o kò kanlẹ̀,
ẹrù irin tí kò rí ilé sọ̀ sí,
máa ṣubú lọ.

Ìdájí. Desappan fi ọ̀rá wé ẹ̀rọ kékeré
tí a kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán.
Ó wò ó. Ó wo ọ̀run.
Ó wá fi itọ́ rin ìka,
ó nà án sí afẹ́fẹ́.