Ibi Tí Òkè Dúró Sí Nínú Kàyé Mi

Ní kíláàsì kẹrin, ní Sábẹ,
olùkọ́ ní ká ya àwòrán ilẹ̀ wa.
Mo to àpáta sójú ìwé, ọ̀kan ń ti èkejì léjìká:
àwọn méjì tó rí bí ọmú abiyamọ,
èyí tó pá lórí bíi bàbá bàbá mi,
èyí tí ọ̀bọ ń sùn sí.
Mo yà wọ́n lọ síhà ìlà-oòrùn
títí wọ́n fi kan ìlà pupa tí olùkọ́ ti fà.
“Dúró níbẹ̀,” ó sọ ọ́ lédè Faransé, “ilẹ̀ wa parí.”
Apá kejì ìwé funfun báláú,
bí ẹni pé ẹnìkan jí òkè ibẹ̀ gbé lóru.

Bàbá àgbà mi, Wórú, rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
Òun ló gbé ẹ̀wọ̀n irin
fún òyìnbó méjì tó wá wọnlẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi.
Ọ̀kan ń fọ Faransé, èkejì ń fọ Gẹ̀ẹ́sì,
àwọn méjèèjì sì jọ ń bú oòrùn.
Òkè tán wọn lókun.
Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò Ọ̀pàrà,
wọ́n ní kí omi máa bá àwọn ṣọ́ ẹnubodè.

Omi wo?
Bí ọyẹ́ bá ti dé, ọ̀gọ̀dọ̀ díẹ̀ ló ń kù láàárín iyanrìn,
ẹja àrọ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ nínú ẹrẹ̀,
màlúù á gba orí ààlà kọjá láìmú káàdì dání.
Àbúrò ìyá mi, Fẹ́hìntọ́lá, lọ́kọ sí Ìwéré.
Ó ń ná sẹ̀fá lọ, ó ń ná náírà bọ̀.
Ó ní àpáta ẹ̀yìnkùlé ọkọ òun jọ tiwa
débi pé lálẹ́ ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ dé,
òun kúnlẹ̀ kí i.

Wórú na ọ̀pá sókè réré:
“Ṣé o rí èyí tó rì sílẹ̀, tó tún yọrí níwájú?
Gbòǹgbò ni.
Ibi tí ojú rẹ ti pàdánù rẹ̀ kọ́ ló ti tán.”

Ó ti kú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè la sin ín sí.
Kàyé yẹn ṣì wà, ikán ti jẹ etí rẹ̀.
Lánàá mo mú pẹ́ńsù,
mo kọjá ìlà pupa,
mo ya àpáta kan sínú funfun náà.
N ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.
Bí Fẹ́hìntọ́lá bá wá lọ́jọ́ ọjà, màá bi í.