Yanrìn Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ọdún mẹ́sàn-án ni yanrìn yẹn fi wà lẹ́yìnkùlé wa
ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n, ní Ògbómọ̀ṣọ́,
típà méjì gbáko, tí bàbá mi rà
lọ́jọ́ tí wọ́n san àjẹsílẹ̀ owó oṣù fún un.
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló fẹ́ fi kọ́.
Ewúrẹ́ ń sùn lórí ẹ̀. Àwa ọmọdé ń gbẹ́ ihò sínú ẹ̀.
Adìẹ aláwọ̀ eérú kan yé sí i, ó pa méje.
Bí àlejò bá bi wá pé kí nìyí, a ó ní,
"Ilé òkè wa ni. Ó ṣì wà nílẹ̀ ni."

Oṣù kẹsàn-án ọdún tí mò ń wí yìí,
òjò dógò tì wá, kò lọ.
Ojú àgbàrá tó wà láàárín àwa àti ilé Oyèwùsì
bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Ó gbé ilé ìwẹ̀ mì,
ó wá ń lá ìpìlẹ̀ iyàrá ìyá mi
bí ajá ṣe ń lá àwo.

Bàbá mi dìde lóru, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí yanrìn.
Kò sọ̀rọ̀.
Ìyá mi ló sọ̀rọ̀: "Yanrìn ilé mà nìyẹn, Àlàmú."
Ó ní, "Àbí kì í ṣe ilé ni mò ń wò yìí?"

Àpò ńkọ́?
Àpò kajú ìyá mi ni, méjìdínlọ́gọ́rin,
tó ti fọ̀, tó ti sá, tó ti ká jọ de ìgbà kajú.
Ó jókòó lé wọn lórí fúngbà díẹ̀
bí adìẹ tó sàba,
kó tó dìde.

Ẹ gbọ́ bí a ti ń ṣe é, torí òjò ọdún tó ń bọ̀ ń bọ̀.
Má rọ ọ́ kún dẹ́nu.
Àpò òfìfo kì í dúró, èyí tó kún àkúnjù kì í tẹ̀.
Jẹ́ kó lé ní ìdajì díẹ̀, kó lè fìdí wá àyè.
Ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ sábẹ́,
kọ ọ́ sí ibi tí omi ti ń bọ̀,
fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.
Èyí tó kàn, má tò ó lé ẹnì kan ṣoṣo lórí:
ibi tí méjì ti pàdé ni kó jókòó sí,
bí àgbà tó ń làjà.
Ọ̀jẹ́lékè tó ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́ wa,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
ó ń pàṣẹ fún bàbá mi, bàbá mi ń dáhùn, "Ó dáa, sà."

Oyèwùsì náà jáde wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì.
Òun àti bàbá mi kì í kí ara wọn nítorí ààlà ilẹ̀.
Lóru yẹn, ààlà ti bá àgbàrá lọ.
Kí ni wọ́n tún fẹ́ jà lé lórí?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ògiri náà ga dé orúnkún mi.
Omi dé ibẹ̀, ó fi orí sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
ó yà sójú títì.

Bàbá mi kò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dọjọ́ alẹ́ ẹ̀.
Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a yọ díẹ̀ nínú àwọn àpò náà:
ọ̀kan ń di páànù ilé ìdáná mú kí atẹ́gùn má ká a,
ọ̀kan wà lẹ́yìn táyà mọ́tò Oyèwùsì
tí búrèkì rẹ̀ kì í gbọ́ràn,
ọ̀kan ni ẹ̀gbọ́n mi so rọ̀ sára igi kajú
tó ń kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ láràárọ̀ títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó.
Ìyá mi kò béèrè àpò kankan padà.

Koríko ti bo àwọn tó kù báyìí.
Bí àlejò bá ní ilé òkè yẹn dà,
mo máa ń mú un lọ sẹ́yìnkùlé.
Mo ní, "Rọra o,
orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lo dúró lé."