Ọkọ̀ Mìíràn

Ọdún mẹ́tàdínlógún la fi wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo,
ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí í gbéra ní Màrínà
lọ́jọ́ kejì Iléyá, bí oòrùn bá ti kan àtàrí.
Ìrẹsì nínú kúlà, aṣọ ìpààrọ̀,
ọ̀rá dúdú fún Tàwàkálítù tí inú rẹ̀ máa ń rú lórí omi,
lẹ́mọ́ọ̀nù kan tí yóò máa gbóòórùn.
Wàkílù á ní iwájú lọ́dọ̀ awakọ̀ lòun fẹ́ dúró,
Mùnírátù á ní wọn ò jẹ́ kóun rí nǹkan kan.
Orin ń han wá létí.
Ọkùnrin kan tó fi àtíkè kun ojú ń ju bàlúù sọ́mọ.
Mi ò rí ọ̀sà rí nínú ọkọ̀ yẹn.
Orí ọmọ ni mo ń kà:
ení, èjì, ẹ̀ta. Ení, èjì, ẹ̀ta.

Lọ́dún yìí mo tún lọ sí ọ́fíìsì wọn.
Akọ̀wé ò béèrè, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀:
àgbà méjì, ọmọdé mẹ́ta.
Mo ní Wàkílù ti pé ọgbọ̀n ọdún, ó wà ní Kánádà
níbi tí omi ti ń le bíi pèpéle.
Mùnírátù wà nílé ọkọ l'Ábẹ́òkúta.
Tàwàkálítù, ẹ ò ní gbà mí gbọ́,
inú ọkọ̀ epo ló ti ń ṣiṣẹ́, lójú agbami.
Ó fi gègé fa igi lé mẹ́ta lórí.
Gègé yẹn dún. Mo gbọ́ ọ.
"Ṣé kí n wá kọ méjì?"
Mo ní, ẹ jẹ́ n lọ bi bàbá wọn.

Bàbá wọn wà ní wàrándà l'Ókè Pópó,
ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́rìndínlógójì ka àpótí ní wọ́ọ̀fù Àpápá,
tó mọ orúkọ ọkọ̀ ju orúkọ àwọn àna rẹ̀ lọ.
Ó ní, "Tìtorí ọmọ ni mo ṣe ń fara da ariwo yẹn.
Kí la tún ń wá níbẹ̀, Sílífátù? Bàlúù?"
Orúkọ mi ló pè. Kò pè mí ní Ìyá Wàkílù.
Mo dìde, mo lọ yí iná sítóòfù sílẹ̀
kó má baà rí ojú mi.

Ọ̀kan wà ní Fàlómò, ọtí ni wọ́n ń tà níbẹ̀.
Ọ̀kan ní kí gbogbo èrò wọ funfun;
ọkọ mi ní òun ò tíì kú.
Ẹ̀kẹta kéré, tọmọ ìyá méjì kan láti Ẹ̀pẹ́ ni,
àga mẹ́wàá, tíì gbígbóná, kò sórin,
láti Ẹ̀bútẹ́ Ẹlẹ́fun lẹ́yìn ìrun àsáárì, a ó sùn s'Ẹ́pẹ̀ẹ́.
Mo ní ó ti wọ́n jù.
Ó ní ẹni márùn-ún là ń sanwó fún tẹ́lẹ̀,
kí n lọ ṣírò ó.

Ọjọ́ pé. Mo di àpò kan, mo tú u wò:
ọ̀rá dúdú wà níbẹ̀, lẹ́mọ́ọ̀nù wà níbẹ̀.
Ọwọ́ mi ló ṣe é, kì í ṣe èmi.

Ọkọ̀ ṣí. Afárá gígùn ń fà sẹ́yìn,
èéfín Màkókó dúró lókèèrè bí aṣọ tí wọ́n sá.
Mo ka orí. Ení. Èjì.
Mo tún un kà. Ení. Èjì.
Ọmọ ti sọ̀kalẹ̀; ọkọ ló kù nínú ọkọ̀,
ẹni tí mo jókòó tì láti ọgbọ̀n ọdún
pẹ̀lú ọmọ láàárín wa bí ìrọ̀rí.
Ó ní, "Wo omi."
Mo wò ó. Àṣé ó fẹ̀ tó báyìí.
Àṣé irun imú ọkùnrin yìí ti funfun.

Ibẹ̀ ni inú mi ti rú,
èmi tí mi ò bì rí.
Ó na ọ̀rá dúdú sí mi,
ó gbé lẹ́mọ́ọ̀nù síwájú imú mi, kò rẹ́rìn-ín,
ó dúró títí mo fi nu ẹnu tán.
Ó ní, "O rí i? Ìwọ ni Tàwàkálítù jọ."