Orúnkún Nestan

Láàárọ̀, kí oòrùn tó kan yìnyín orí òkè Ushba,
àbúrò mi kì í lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.
Ọmọ ọdún márùn-ún, ó ń di ògiri mú bí arúgbó,
ẹsẹ̀ kan níwájú, èkejì ń bẹ̀bẹ̀.
Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ káàárọ̀ o."
Òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Tó bá di ọ̀sán, á máa lé ọmọ màlúù kiri pápá,
ni olùkọ́ fi ní irọ́ ni, ìwé ni kò fẹ́ kà.
Màmá ní bóyá ó ṣubú. Bàbá ní egungun tó ń dàgbà ni.
Makvala, ìyá bàbá wa, bu ọtí líle èso àjàrà,
ó fi ra orúnkún náà, ó fi irun àgùntàn dì í.
Òórùn ọtí gba ilé kan. Orúnkún kò gbọ́.
Ó wú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí búrẹ́dì tó kúrò lórí iná,
ṣùgbọ́n kò pọ́n, ọmọ náà kò sì sunkún.
Ọmọ tí kò sunkún, ta ni yóò gbé e?

Ó di oṣù kẹrin ká tó wọkọ̀ lọ Kutaisi.
Dókítà Tsiala kò tètè fọwọ́ kan ẹsẹ̀.
Ó ní, "Lọ síbi fèrèsé, bá mi ka ẹyẹlé."
Méje ni ẹyẹlé. Gìgísẹ̀ ni dókítà ń wò.
Ó wá kọjú sí èmi, kì í ṣe Màmá:
"Ìwọ tí ẹ jọ ń sùn, báwo ló ṣe ń jí?"
Ahọ́n mi wúwo. Mo sọ ti àtẹ̀gùn.
Mo sọ ti yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn."

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà kò sọ nǹkan tó dájú;
kò sí àyẹ̀wò kan, ó ní, tó lè dá a sọ.
Àrùn oríkèé ni, tọmọdé, èyí tó ń pẹ́ lára:
ẹ̀ṣọ́ ara ló ṣìnà, tó ń lu ọmọ onílé.
Màmá ní, "Ṣé kì í ṣe àgbà ló ń ní i?"
Dókítà mi orí, ó gbé iná tín-ínrín sí i lójú.
Àrùn yìí a máa yọ́ wọ ẹyinjú láìkan ilẹ̀kùn.
Ojú kò ní pọ́n, kò ní dùn ún, ìríran á kàn máa lọ.
Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ó máa wá
wá wo ojú tí kò ṣe é ní nǹkan kan.

Wọ́n fi oorun gbé e, wọ́n fa omi orúnkún, wọ́n fi oògùn rọ́pò.
Ó jí, ó béèrè búrẹ́dì oníwàrà.

Abẹ́rẹ́ di ti alaalẹ́ Jímọ̀,
omi inú rẹ̀ rí bí pupa ẹyin.
Nestan ń bì kó tó kan awọ ara rẹ̀.
Makvala kò se ẹyin mọ́ nínú ilé yìí;
ó ká ìborùn ọdún rẹ̀ tó ní àwọ̀ yẹn sínú àpótí.
Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lónìí, ìró ẹsẹ̀ ló jí mi.
Mọ́kànlá ni àtẹ̀gùn wa, ó fo ìkẹyìn.
Láti ìsàlẹ̀ ló ti kígbe, "Ìyá àgbà, ẹ káàárọ̀ o!"
Mo di ògiri mú, mo ń rọra sọ̀kalẹ̀.
Jímọ̀ ni òní. Kò tíì rántí.