Iṣẹ́ Tó Pọ́n

Tẹ́lẹ̀, ara ògiri ni mo ń kọ iṣẹ́ sí,
ṣọ́ọ̀kì funfun, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní Láfẹ́ńwá:
orúkọ, àdúgbò, iye mítà, iye owó tó kù.
Bí òjò bá gba ojú fèrèsé wọlé,
á fọ oníbàárà méjì lọ,
á fi gbèsè ẹnìkẹta sílẹ̀.

Mosúnmọ́lá ọmọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ kan.
Ó ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ kí ògiri sinmi."
Ó fi áàpù kan sí i,
ó ka ògiri mi sínú ẹ̀ bí ẹni ń ka owó ẹgbẹ́.
Iṣẹ́ mọ́kànlá.
Ó ní kí n kun wọ́n ní àwọ̀:
pupa fún èyí tí kò gbọdọ̀ dọ̀la,
àwọ̀ ìyeyè fún èyí tó lè dúró díẹ̀,
àwọ̀ ewé fún èyí tó lè sùn.

Mo kùn ún. Gbogbo ẹ̀ pọ́n.
Ilé-ìwé Ìdí-Àbá pọ́n, ọmọ igba ló ń tò síwájú ẹnu ẹ̀rọ kan.
Alágbàfọ̀ Pánsẹ́kẹ́ pọ́n, aṣọ olóko-aṣọ ti ga dé àjà ilé ẹ̀.
Ṣọ́ọ̀ṣì Àṣerò pọ́n, ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì.
Alájì Ọbáńtokò pọ́n ju gbogbo wọn lọ,
ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń pè kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ojú tó pọ́n ló ń wá ẹni tó máa bá a pọn omi;
ta ni kí n sọ fún pé tìẹ ò pọ́n tó?

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín.
"Bí gbogbo ẹ̀ bá pupa, Bàámi, kò sí pupa níbẹ̀ mọ́."
Ẹni tó lé eku méjì pòfo. Èmi lé mọ́kànlá.
Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo ní, ihò kan ló ń lu lẹ́ẹ̀kan.
A lè sọ "mò ń bọ̀" fún oníbàárà;
òkúta ò gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀.

Ni mo bá ń fi ìka wọ́ wọn.
Ẹni tí ohùn ẹ̀ le, mo wọ́ ọ sókè.
Ẹni tó ti sanwó tán, mo wọ́ ọ sísàlẹ̀, ibo ló fẹ́ gbà?
Ẹ má bínú. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn.

Lábẹ́ pátápátá ni mo ti bá a:
Màmá Líjádù, Ìjemọ̀. Ìdajì owó.
Ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ló ti kọjá.
Kò pè mí rí. Mi ò mọ̀ bóyá ó ní fóònù.
Áàpù ò mọ ìyàtọ̀ ẹni tó dákẹ́ àti ẹni tí kò sí.
Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Mo gbé e lé gbogbo wọn lórí.
Alájì pè. Mi ò gbé e.

Ní Ìjemọ̀, a fa ẹ̀rọ gba abẹ́ òrùlé páànù tó ti pọ́n.
Ọjọ́ kìíní, eruku funfun.
Ọjọ́ kejì, eruku funfun.
Ogójì mítà, àádọ́ta, ọgọ́ta:
abẹ́ òkúta ni wọ́n pe ìlú wa,
òkúta mìíràn ni mo bá lábẹ́ òkúta.
Ṣómúyìwá ọmọṣẹ́ mi nu ojú, kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Nírọ̀lẹ́, fóònù gbọ̀n lápò mi:
"Ṣé iṣẹ́ yìí ti parí?"
Bẹ́ẹ̀ ni wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ wà níbẹ̀.
Mo wá àwọ̀ tí a ń kun iṣẹ́ tí a ṣe títí tí kò ṣe.
Mi ò rí i.

Màmá Líjádù gbé àwo jáde, ọ̀rá omi mẹ́rin, tútù,
èyí tó rán ọmọ lọ rà ní ìsàlẹ̀ òkè.
"Ẹ mu omi ná," ló wí.
"Òkúta yẹn ti wà níbẹ̀ kí n tó délé ọkọ."

Mo mu ún.
Mo sún ọjọ́ sí ọ̀la, ẹ̀yìn ilé, lẹ́bàá igi ìbẹ́pẹ.
Mo fi pupa sílẹ̀ bó ṣe wà.