Ògiri Ẹ̀gbẹ́ Gọ́tà, ní Ìjẹmọ̀

Kí Dòsù tó dé, àwọn ọkùnrin máa ń tọ̀ sí ògiri yẹn,
lórí ohun tí Bàbá Onílé fi èédú kọ síbẹ̀:
MÁ TỌ̀ SÍBÍ.
Òun náà a máa tọ̀ síbẹ̀ lóru.

Àjàṣẹ́ ló ti wá, tòun ti báàgì kan
àti ahọ́n tó ń wọ́ Yorùbá tuurutu.
"Dòsù," ó ní, "ẹni tó tẹ̀lé ìbejì."
Ìyá Adénrelé bú sẹ́rìn-ín: "Ìdòwú nìyẹn o!
O ò tíì ṣìnà. Wọlé, kí o jẹun."

Ó ṣa ọ̀dà ìsàlẹ̀ agolo
lọ́dọ̀ àwọn tó ń fín mọ́tò,
ó lọ èédú kúnná, ó po yẹ̀pẹ̀ pupa,
ó tọrọ aró tó ti kú ní Ìtòkú.
Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi jókòó, kò kun nǹkan kan.
Ó kàn ń béèrè: ta ni ẹ ń rántí níbí?

A dárúkọ Sùnmọ́nù, tó ń ṣí ẹ̀rọ omi fún wa
nígbà tí ẹ̀rọ ṣì lómi.
A dárúkọ Mísísì Ṣówándé, oníṣirò.
Èmi dárúkọ àbúrò mi, Fọlárìn, tó gba ọ̀nà Líbíà lọ,
tí fóònù rẹ̀ kò dún mọ́.
Dòsù dákẹ́. Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó tún un fọ̀.

Ní Sátidé, àbúrò mi yọ lára ògiri:
aró nirun rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ Abẹ́òkúta lẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀,
bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́,
bí ẹni tó ń gba inú ẹrẹ̀ bọ̀ wálé.
Imú rẹ̀ kò jọ ọ́. Mi ò sọ.

Kò sẹ́ni tó tún tọ̀ síbẹ̀.
Àwọn obìnrin kó gọ́tà. Ẹnì kan so gílóòbù.
Àwọn ọmọ gbé iṣẹ́ àṣetiléwá jáde,
wọ́n fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ Mísísì Ṣówándé.

Bàbá Onílé ní àlejò fẹ́ di onílé lórí ògiri òun.
Ìyá Adénrelé wò ó látòkè délẹ̀:
"Baba ńlá tìrẹ ńkọ́? Ṣé abẹ́ àpáta yìí ni wọ́n bí i sí,
àbí ogun ló lé e dé?"
Lọ́jọ́ kejì ó gbé gálọ́ọ̀nù ọ̀dà funfun kan wá.
Kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Dòsù ti ṣí lọ. Wọ́n ní Ìsẹ́yìn ni.
Ó fi àyè kan sílẹ̀ láìkùn, ó tó ojú ẹnì kan.
Àwọn ọmọ ló fi ṣọ́ọ̀kì parí rẹ̀:
etí ńlá méjì, ẹ̀rín, báàgì léjìká.
Òjò àkọ́rọ̀ pa á rẹ́. Wọ́n tún un yà.
Òjò tún pa á rẹ́.
Wọ́n ṣì ń yà á.